Ẹ̀tọ́ àti Ọpẹ́ Nínú Ọgbà Fásitì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo sáà, pàápàá lẹ́yìn tí èsì ìdánwò bá ti jáde. A kó wọn jọ síbí. Fásitì ìjọba ní Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn wọ̀nyí ń bá wí; ẹni tó wà ní ilé-ìwé aládàáni tàbí pólì yóò rí i pé àwọn òfin kan yàtọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, àbí nǹkan kàn le ni?

Ẹ bi ara yín ní nǹkan méjì. Ǹjẹ́ òfin kan wà nílẹ̀ tí wọn ò tẹ̀lé? Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe yín yìí náà ni wọ́n ṣe gbogbo ẹni tó wà ní ipò yín? Ìdánwò tó le koko tí gbogbo kíláàsì jọ jókòó ṣe kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ìdánwò tó rọrùn, àmọ́ tí olùkọ́ ti fi ìbéèrè rẹ̀ han ẹni mẹ́ta lálẹ́ àná, ìrẹ́jẹ ni, kódà bí ẹ bá gba A nínú rẹ̀.

Omi tí kò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, iná tí wọ́n mú lọ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ìyà nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ jọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tò. Ìrẹ́jẹ la máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè dá ẹjọ́. Ìyà la máa ń pawọ́ pọ̀ wá ọgbọ́n sí. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa bínú sí olùṣọ́ ẹnu géètì nítorí ohun tí gíwá ilé-ìwé kò ṣe.

Mo gba máàkì tó pọ̀ ní JAMB, ẹni tí tiẹ̀ kéré sí tèmi ló wọlé. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?

Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ìlànà pín ààyè ìgbàwọlé sí: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ìdá 35 fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀ṣun tó fẹ́ wọ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì tó lè gbà wọlé. Kí ọmọ Ọ̀ṣun yìí kan náà kọrí sí fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Nsukka, lápá ìlà-oòrùn, ó di ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èyí, èsì WAEC àti ìdánwò tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe máa ń wọ inú ìṣirò, torí náà máàkì JAMB nìkan kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Èmi ò ní ìlànà náà dáa tán. Ọmọ tó kàwé títí ojú rẹ̀ pọ́n, tí wọ́n wá sọ fún un pé ìlú bàbá rẹ̀ jìnnà, kò sí bí kò ṣe ní dùn ún. Síbẹ̀, ìlànà tí wọ́n kéde kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí kí wọ́n yọ orúkọ yín kí wọ́n fi ti ọmọ ọ̀rẹ́ wọn sí i.

Àṣìṣe gidi náà sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ sọ pé àṣìṣe ti kan èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn tó kàn lọ tún ìdánwò náà ṣe. Àwọn tó pariwo pé èsì yìí kò jọ ohun tí àwọn kọ, tí wọn ò gbà kí wọ́n fi “ẹ ò kàwé ni” pa àwọn lẹ́nu mọ́, ló mú kí JAMB yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí èsì yín bá yà yín lẹ́nu, ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.

Èsì mi kò sí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ tún fi ìka tọ nọ́ńbà máátíríìkì yín wá láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ sì ṣí ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò. Bí àwọn èèyàn bá ti ń ti ara wọn níwájú pátákó yẹn, ojú máa ń fo ìlà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ portal ilé-ìwé, ẹ wò ó bóyá ẹ forúkọ kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ èsì tí a ń pè ní èsì tó sọnù, kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, tí ẹ sì buwọ́ lu ìwé gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ lọ rí olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín ní ṣókí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ọjọ́ lórí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka, kó gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì yín kọjá.

Ojú ìwé kan ti tó: orúkọ yín, nọ́ńbà máátíríìkì, kóòdù kọ́ọ̀sì náà, sáà àti sẹ̀mẹ́sítà tí ẹ ṣe é, ọjọ́ ìdánwò, gbọ̀ngàn tí ẹ jókòó sí, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ má kọ àìsàn màmá yín sí i. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ so ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni kí ẹ gbé lọ, kí akọ̀wé ọ́fíìsì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èyí tó máa bá yín padà. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ yẹn ló máa gbèjà yín lọ́dún tí ẹ bá fẹ́ gboyè, nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka bá ti yí padà tí kò sí ẹni tó rántí nǹkan kan mọ́.

Mo gba 39. Olùkọ́ kọ̀ láti fi máàkì kan péré kún un. Ṣé ìkà kọ́ nìyẹn?

Níbi tí wọ́n bá ti fi 40 ṣe ẹnu ọ̀nà, máàkì kan ló ya F kúrò lára E, bó ti wù kó dùn yín tó. Bí olùkọ́ bá fi kan kún tiyín, gbogbo ẹni tó gba 39 ni yóò fi kan kún tiwọn, ẹni tó gba 38 náà á sì kan ilẹ̀kùn. Ohun tó tọ́ kí ẹ béèrè ni pé kí wọ́n tún máàkì inú ìwé yín rò pọ̀, torí ẹni tó ń máàkì ìwé rẹpẹtẹ lè gbàgbé ojú ewé kan. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ìlànà fún àtúnyẹ̀wò ìwé ìdánwò, wọ́n sì máa ń gba owó lé e. Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n kà á pé. Máàkì tí ẹ ò kọ ìdáhùn sí, ìtọrẹ nìyẹn. Ẹni tí kò fún wa ní ìtọrẹ kò jẹ wá ní gbèsè.

Káríófà kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí mo gba F tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, ti ba CGPA mi (àròpọ̀ ìwọ̀n èsì mi) jẹ́. Ṣé ó ṣì lè dára?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìbẹ̀rù máa ń tóbi ju iye náà lọ. Lórí ìwọ̀n 5.0, B jẹ́ 4, F jẹ́ òdo. Ká ní yúnìtì 20 lẹ ṣe, ẹ gba B nínú 17, ẹ sì gba F nínú kọ́ọ̀sì oní-yúnìtì 3. 17 lọ́nà 4 jẹ́ 68. Ẹ fi 20 pín in, ó di 3.40. Ẹ ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 3.50 tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà second class upper, ìpele oyè tó tẹ̀ lé first class. Bí ẹ bá tún ṣe yúnìtì 20 ní sẹ̀mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ B, 148 lórí 40 nìyẹn: 3.70. Sẹ̀mẹ́sítà kan péré ló gbé yín padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ìpele kẹrin, yúnìtì tó ti kó jọ ti pọ̀, ìṣirò náà kì í sì í yára gbéra mọ́. Ẹ tètè tún káríófà ṣe. Ẹ má kó o jọ de ọdún àṣejáde, torí kọ́ọ̀sì ìpele kìíní àti ti ìpele ìkẹyìn lè bọ́ sí wákàtí kan náà lórí tábìlì àkókò.

Ṣé dandan ni kí n ra ìwé tí olùkọ́ ń tà?

Rárá. Fásitì púpọ̀ ló ti fi òfin de títa ìwé ní tipátipá. Bí ìwé náà bá wúlò, ẹ lè dáwó jọ ní mẹ́ta kí ẹ ra ẹyọ kan. Bí aṣojú kíláàsì bá wá ń kọ orúkọ àwọn tó rà á sílẹ̀ láti gbé lọ fún olùkọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé. Ẹ má dá lọ jà á. Kíláàsì ni kó kọ̀wé, kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èèyàn márùn-ún ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àjọṣe, èmi nìkan ló ṣe é. Ṣé kí n kọ orúkọ gbogbo wọn?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè máa ṣe iṣẹ́ ọdẹ lóru kó tó rówó jẹun. Òmíràn lè jẹ́ ọ̀lẹ pọ́ńbélé. Àtọ̀lẹ àtẹni tí kò ráyè, WhatsApp kan náà ni àwọn méjèèjì kò dáhùn. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti pín in lórí WhatsApp, kí orúkọ kálukú wà níwájú ohun tó máa ṣe àti ọjọ́ tó máa mú un wá. Ní ojú ewé ìkẹyìn, ẹ kọ ẹni tó ṣe apá wo. Bí ẹ bá fẹ́ yọ orúkọ ẹnì kan, ẹ sọ fún un kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó lè ráyè ṣe nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá yọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀yin náà ti rẹ́ni jẹ.

Ta ni kí n tiẹ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó mi ni mo fi ń kàwé?

Owó kì í pa ọpẹ́ rẹ́. A san owó fún awakọ̀, a ṣì ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tí ẹ san kéré gan-an sí ohun tí ẹ gbà. Fásitì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè àkọ́kọ́. Ìforúkọsílẹ̀, yàrá àyẹ̀wò, họ́sítẹ́ẹ̀lì àti irú wọn lẹ ń sanwó fún. Àpò ìlú ni owó-oṣù olùkọ́ ti ń jáde. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, tí ọmọ tirẹ̀ kò rí fásitì wọ̀, ń dá sí owó yín nínú owó orí ọ̀pọ̀ ọjà tó bá rà.

Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan ṣoṣo. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló jí yín ní aago márùn-ún, torí aago inú fóònù yín ti dún títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá ẹlẹ́wà bu ẹ̀wà fún yín, ó ní “máa lọ ná, wàá san án tó o bá dé.” Ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ojú ìwé kan tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Obìnrin tó ń gbá gbọ̀ngàn ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dé; àga tí ẹ fà jókòó kò ní eruku, ẹ ò sì ronú kàn án. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ àná láìjẹ́ pé ẹ tọrọ. Kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ máa wà nínú ìwé ẹ̀rí yín.

Nílé wa, a kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tán síbẹ̀. Ẹni tó ṣe wá lóore lánàá, bí ilẹ̀ bá mọ́, a tún kí i pé ẹ ṣé àná o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ kí èyí bọ́ lọ́wọ́ wọn; wọ́n á fi àwòrán ọwọ́ méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó parí. Ẹ padà lọ bá ìyá ẹlẹ́wà náà, ẹ san owó rẹ̀, ẹ sì sọ fún un pé ìdánwò náà lọ dáadáa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò fi ní dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí èsì jáde ná. Ẹ̀bùn tó bá ṣáájú máàkì, kódà kó jẹ́ iṣu méjì láti oko bàbá yín, ó ti ní ìbéèrè nínú. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ lọ sọ ohun pàtó tó ṣe: “Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ọjọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn kíláàsì tí ẹ ṣàlàyé ìṣirò yẹn fún wa, ibẹ̀ ló ti yé mi.” Olùkọ́ tó ń gbọ́ “ẹ ṣé sà, Ọlọ́run á bù kún yín” lójoojúmọ́ kì í rántí ẹni tó sọ ọ́. Ó máa rántí èyí.

Bí mo bá ráhùn, wọ́n á ní “dúpẹ́ tìrẹ, àwọn kan ò rí ilé-ìwé lọ.” Ṣé kí n dákẹ́ ni?

Ẹ má dákẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan ò rí ilé-ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó ṣe oore ni a jẹ lọ́pẹ́, kì í sì í fi ìdà gbà á. Nígbà tí ẹni tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ kan kò bá ṣe é, tó wá ń pàṣẹ fún yín pé kí ẹ dúpẹ́, ọpẹ́ kọ́ ló ń wá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí ti san owó ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971, oúnjẹ họ́ọ̀lù ló dá awuyewuye sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọlọ́pàá yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Adékúnlé Adépéjù sì kú. Lọ́dún 1978, nígbà tí wọ́n fowó kún owó oúnjẹ, ariwo “Ali Must Go” (kí Ali, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, kúrò nípò) gba gbogbo fásitì kan, ẹ̀mí sì tún ṣòfò níbẹ̀.

Ti LASU, fásitì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Lọ́dún 2011, owó ilé-ìwé tó jẹ́ 25,000 náírà fò dé nǹkan bí 193,750 sí 348,750, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kálukú bá ṣe rí. Àwọn kan fi ilé-ìwé sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé, wọ́n fẹ́sẹ̀ rìn, wọ́n bá ìjọba jókòó, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù, títí ó fi di ọdún 2014 tí Gómìnà Fáṣọlá dá a padà sí 25,000. A lè kí gómìnà pé ó gbọ́, ìyẹn kò burú. Àwọn tó wọ ibẹ̀ lẹ́yìn 2014, tí wọ́n san 25,000 láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó fẹ́sẹ̀ rìn lábẹ́ oòrùn ni wọ́n jẹ lọ́pẹ́ jù.

Ìyanṣẹ́lódì jẹ ọdún mi. Ta ni kí n bínú sí?

Lọ́dún 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù Kẹta, ó di oṣù Kejìlá kó tó tán. Lọ́dún 2022, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ló parí: oṣù mẹ́jọ gbáko. Àdéhùn 2009 tí ìjọba bá wọn ṣe, tí kò mú ṣẹ tán, wà lára ohun tó fà á. Ìjọba náà sì dá owó-oṣù àwọn olùkọ́ dúró lọ́dún 2022. Nítorí náà, olùkọ́ tí ẹ rò pé ó ń sinmi lè jẹ́ ẹni tó ń yá owó jẹun.

Èyí kò ní kí ìbínú yín má tọ́. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bá gboyè kò ní lọ sìnrú ìlú ní NYSC. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n á fún un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́jọ yẹn gan-an ló tì wọ́n kọjá ààlà. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ní tèmi, ẹni tó buwọ́ lu àdéhùn tí kò mú un ṣẹ ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ ASUU náà mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ni òun fi ń dúnàádúrà.

Owó NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ńkọ́? Ṣé oore ìjọba ni?

Gbèsè ni, àmọ́ gbèsè tí kò ní èlé. Òfin tó gbé e ró di bíbuwọ́lù ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2024. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ìwé, 20,000 náírà lóṣù sì ni owó ìjẹun tó ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tí iṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù. Bí ẹ bá ti san owó ilé-ìwé fúnra yín kí ti NELFUND tó wọlé, owó yín wà lọ́wọ́ ilé-ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ bí a ṣe ṣàlàyé lókè, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi jíwèé wò, ó gba A. Èmi tí mo kàwé gba C. Ṣé kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló dá ṣe é, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, n kò sì ní díbọ́n pé ó yà mí lẹ́nu. Ìyà rẹ̀ wúwo. Wọ́n lè lé e kúrò pátápátá, kì í sì í rọrùn kí ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ gbé irú ẹrù yẹn.

Ó yàtọ̀ bí ìbéèrè bá jò síta tí wọ́n ń tà á. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, torí gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń jí lólè. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń tà á àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ ọ̀rẹ́ yín.

Èmi ni wọ́n ṣe ojúsàájú fún. Bọ̀ọ̀dá wa ló fi ìwé pélébé gba ààyè họ́sítẹ́ẹ̀lì fún mi. Kí ni kí n ṣe?

Inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè èyí. Tiwa la kì í rí. Ẹni tí wọ́n gba ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn, tàbí ó ń wọ kòrópe lójoojúmọ́ láti ìta ọgbà.

Ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá yín, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àmọ́ ẹ má tún padà lọ gba ìwé pélébé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wọ ìbò (balloting) tí wọ́n fi ń pín ààyè bí gbogbo èèyàn. Fún ti ọdún yìí, bí ẹ bá mọ ẹni tí kò rí ààyè, ẹ jẹ́ kó máa bá yín gbé bí òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì bá gbà bẹ́ẹ̀. Kò tíì san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n ó dáa ju kí ẹ máa fi ẹnu sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Olùkọ́ tó ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ ti ń ní kí n wá bá òun sùn. Ṣé kò ní dà bíi pé mo jẹ́ abaramóorejẹ bí mo bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Rárá o. Oore tó bá ní irú owó yìí lẹ́yìn kì í ṣe oore mọ́. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́ nínú fóònù yín. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tó ti sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ má dá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́.

Irú ẹjọ́ yìí ti ṣeé dá rí. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo sọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti kọ́ni ní OAU sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù níbi tó ti ń fi máàkì dúnàádúrà. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè lọ bá DSVA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, bí kò bá fọkàn tán ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin pẹ̀lú o.

Àwọn òbí mi ta ilẹ̀ kí n lè kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọkàn mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín. Bó bá jẹ́ pé èsì kan tí kò dára ló dá ọkàn yín padà, ẹ dúró kí sẹ̀mẹ́sítà kan tún kọjá. Bí ẹ bá ti wà ní ìpele kẹrin nínú márùn-ún, èrò tèmi ni pé kí ẹ parí rẹ̀; ìwé ẹ̀rí òfin kò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ jẹ wọ́n lọ́pẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tà títí ayé. Ìyẹn kò sọ yín di ẹrú iṣẹ́ tí ẹ ò fẹ́. Ohun tó máa dùn wọ́n jù ni kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí kó jẹ́ ọdún tí wọ́n ti rán aṣọ ìgboyè ni wọ́n máa mọ̀. Ẹ lọ sílé, ẹ má fi fóònù sọ ọ́. Ẹ mú àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tí bàbá yín máa ń gbọ́ tirẹ̀ dání. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé èsì yín kalẹ̀ níwájú wọn, àti orúkọ ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ fásitì kì í gba ìyípadà ẹ̀ka lẹ́yìn ìpele kìíní tàbí ìkejì, wọ́n sì máa ń ní iye CGPA tí wọ́n ń béèrè àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa tì. Ẹ lọ béèrè gbogbo èyí kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sílé, torí ohun àkọ́kọ́ tí bàbá yín máa bi yín ni pé, “Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa gbà ọ́ níbẹ̀?”